Òróró Lórí Ọta Akínpẹ̀lúmi

Bí ẹ bá ń wá ọkùnrin tó lè fi odindi ọ̀sán Sátidé wọn ẹ̀tù ìbọn bí ẹni ń wọn wúrà, ẹ lọ sí Marzahn ní Berlin, kí ẹ sì múra láti gun àtẹ̀gùn ilé gogoro kan dé òkè pátápátá, nítorí lifti ilé náà kì í sábà ṣiṣẹ́. Ohun tó ń pa àwọn ará ilé lẹ́rìn-ín ni pé iṣẹ́ àtúnṣe lifti gan-an ni Akínpẹ̀lúmi ń ṣe. Ti gbogbo Berlin ló ń tún ṣe. Ti ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé, ilé-iṣẹ́ mìíràn ló gba iṣẹ́ rẹ̀, wọn kò sì fẹ́ kí ó fi ìka kàn án.

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ kí nǹkan wà bó ṣe yẹ kó wà, agídí rẹ̀ kò kéré. Mojíbọ́lá ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, máa ń sọ pé ọkọ òun lè dá ọbẹ̀ padà tí ẹran inú rẹ̀ kò bá tóbi bákan náà. Àsọdùn ni. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ṣe bẹ́ẹ̀.

Bàbá Jámánì kan tó ń jẹ́ Maximilian ló sọ ọ́ di ẹni tó ń yìnbọn. Lifti há mọ́ bàbá náà, Akínpẹ̀lúmi ni wọ́n sì rán pé kó lọ yọ ọ́. Nígbà tó rí ilẹ̀kùn ṣí, ó bá bàbá níbi tó jókòó sórí àpótí gígùn kan, tó ń jẹ búrẹ́dì rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó béèrè ohun tó wà nínú àpótí. Bàbá ní ìbọn ni. Ẹsẹ̀ Akínpẹ̀lúmi ti kọjú sí ọ̀nà àbájáde kí bàbá tó ṣàlàyé pé ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ìbọn ta àmì lòun ń lọ, pé kò sí nǹkan tí wọ́n ń yìn ín sí ju bébà lọ. Ó ní kó wá wò wọ́n lọ́jọ́ kan. Ó lọ wò wọ́n, ó sì di ọmọ ẹgbẹ́.

Irú ìbọn tí Maximilian ń lò ni òun náà padà rà: ìbọn gígùn àwọn ṣọ́jà Switzerland àtijọ́, tí wọ́n ṣe nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn ará Switzerland kò bá wọn jagun náà, nítorí bẹ́ẹ̀ ìbọn wọn kò rí ìyà, igi ara rẹ̀ ṣì ń dán bíi bàtà ọjọ́ Sọ́ńdè. Wàhálà rẹ̀ kò ju ti ọta lọ. Èyí tí ìjọba wọn ṣe fún un láyé ìgbà náà ti ń wọ́n, èyí tí ilé-iṣẹ́ ń ṣe nísinsìnyí kì í sì í bá gbogbo ìbọn lára mu. Nítorí náà, àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ dénú máa ń di ọta wọn fúnra wọn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rọrùn láti sọ, ó le láti ṣe. Tí ọta bá ti jáde lẹ́nu ìbọn, kòròfo idẹ tó gbé e á ṣẹ́kù. Akínpẹ̀lúmi á ṣa àwọn kòròfo wọ̀nyí, á fọ̀ wọ́n, á fi ẹ̀rọ tẹ̀ wọ́n padà sí bí wọ́n ṣe rí, á sì fi fìlà kékeré tuntun sí wọn nídìí. Fìlà yìí ló ń ṣáná: tí irin ìbọn bá gbá a, iná á ta sínú ẹ̀tù. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò wọn ẹ̀tù sí i, tí yóò sì fi òjé dé e lẹ́nu. Bí ẹ̀tù bá pọ̀ jù, wàhálà ni. Bí fìlà kò bá ṣáná dáadáa, wàhálà tó ju ìyẹn lọ ni, torí òjé lè lọ há sínú ọ̀pá ìbọn, ẹni tó bá sì yin òmíràn tẹ̀ lé e, ìbọn á fọ́, ojú ara rẹ̀ ló máa fi gbà á. Òfin àkọ́kọ́ tí Maximilian kọ́ ọ nìyí: ọta tí o bá ti ń ṣiyèméjì nípa rẹ̀, má yìn ín, ì báà jẹ́ ọba ló ní kí o yìn ín.

Ìjọba Jámánì náà kì í fi ẹ̀tù ṣeré. Ó lọ sí kíláàsì, ó ṣe ìdánwò, ó gba ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní Erlaubnis, ó ra kọ́bọ́ọ̀dù onírin tó ní kọ́kọ́rọ́ tó le, wọ́n sì wá wo yàrá kékeré tó fẹ́ máa lò. Gbogbo rẹ̀ ló fara dà láìráhùn. Láti Mọ́ńdè títí di Fúráídè, àwọn èèyàn ni yóò máa pariwo mọ́ ọn lórí fóònù pé lifti wọn kò gbéra. Tó bá wọ yàrá kékeré rẹ̀, kò sí ẹni tó ń pariwo. Ọkàn rẹ̀ á rọlẹ̀. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà ni, bí àwọn mìíràn ṣe fẹ́ràn bọ́ọ̀lù.

Mojíbọ́lá kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ìbọn ló pa Olúdàpọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, nígbà tí ọmọ náà ṣì wà ní yunifásítì. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, kò sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ rí, ọkọ rẹ̀ kò sì tọpinpin. Ohun tó mọ̀ ni pé láti ọjọ́ tí ìbọn náà ti wọlé wọn, ìyàwó rẹ̀ kì í gba iwájú yàrá kékeré yẹn kọjá láìgbàdúrà lábẹ́ ẹnu. Ọdún ń gorí ọdún, ọ̀rọ̀ náà kò tán. Nígbà tó yá, wọ́n fi ìdíje ìbọn yíyìn kan sí Harburg ní Hamburg, Akínpẹ̀lúmi sì fẹ́ lọ. Mojíbọ́lá gbé ìpinnu rẹ̀ kalẹ̀ lórí oúnjẹ alẹ́.

"Bàbá Tẹ́ní, ẹ̀ẹ̀kan péré ni n ó bá yín lọ síbi nǹkan yìí. N ó fi ojú ara mi wò ó. Tí ọkàn mi bá balẹ̀, no problem. Tí kò bá balẹ̀, ẹ máa ta ìbọn yẹn, ẹ ó sì dá Erlaubnis wọn padà fún wọn. I'm serious o."

Akínpẹ̀lúmi gbé ṣíbí sílẹ̀. "Mo gbọ́," ló sọ. Ó mọ̀ pé ìyàwó òun kì í sọ̀rọ̀ méjì.

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa Mojíbọ́lá pé aṣíwájú àdúrà ni ní ìjọ wọn ní Wedding, àdúgbò kan ní Berlin, àti pé òróró àdúrà kì í tán lọ́wọ́ rẹ̀. Òróró ólífì ni, wọ́n á da lọ́fínńdà díẹ̀ sí i, wọ́n á gbàdúrà sí i nínú ìṣọ́ òru, oníkálukú á sì gbé ìgò tirẹ̀ lọ sílé. Mojíbọ́lá ti ta á sí ẹnu ọ̀nà, sí ọwọ́ ìdarí mọ́tò, sí ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ń jò. Ìgbà kan tó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ Tẹ́ní ọmọ wọn tòun ti ìgò náà, ọmọ gbé fóònù rẹ̀ sókè, ó figbe ta pé kó jọ̀ọ́, kó má ta á sí fóònù òun: "Mama, bitte, nicht mein Handy!" Ìyá rẹ̀ ta á sí i níwájú orí dípò rẹ̀, ọmọ náà sì rọra dúró gbà á, torí lọ́jọ́ kejì ló ní ìdánwò Mathe, ìyẹn ìṣirò.

Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìrìn àjò, Mojíbọ́lá ní òun fẹ́ gbàdúrà sí àwọn ọta náà. Ẹnu ya Akínpẹ̀lúmi. Kò sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ rí, ó sì dùn mọ́ ọkọ rẹ̀ nínú. Ó gbé àpótí ọta jáde, ó ṣí i lórí tábìlì oúnjẹ. Nínú àpótí náà, ẹnu ọta ló ń dojú kọ ilẹ̀, ìdí wọn ló wà lókè, wọ́n tò ní ẹsẹẹsẹ bí ọmọ iléèwé. Bó ṣe ń tẹrí ba láti gbàdúrà ni fóònù iṣẹ́ rẹ̀ dún. Lifti kan há ní Wedding, obìnrin olóyún wà nínú rẹ̀. Ó jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó ń tọ́ ẹni tó wà níbẹ̀ sọ́nà lórí fóònù, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó rí obìnrin náà yọ.

Ìgbà tó wà níta yẹn ni Mojíbọ́lá ṣe ohun tó ṣe. Ó wo àwọn nǹkan róbótó tó ń dán lókè àpótí, ó sì gbà pé orí ọta nìyẹn. Orí ni wọ́n ń ta òróró sí. Ó ṣí ìgò rẹ̀, ó sì ń ta á sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń dárúkọ ọkọ rẹ̀, ó ń bẹ Olúwa pé kí ọ̀kankan nínú wọn má ṣe yà sí ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀. Kò fi òróró náà ṣahun rárá. Nígbà tó parí, ó pa ìdérí àpótí dé. Akínpẹ̀lúmi wọlé, ó rò pé àdúrà ẹnu lásán ni, ó gbé àpótí lọ sí kọ́bọ́ọ̀dù, ó tì í pa, kò sì wo inú rẹ̀. Ọkùnrin tó ń wọn ẹ̀tù bíi wúrà kò wo inú àpótí ọta rẹ̀, torí inú rẹ̀ ti dùn jù.

Wọ́n fi mọ́tò lọ sí Hamburg láàárọ̀ Sátidé. Òjò ń rọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Mojíbọ́lá bu jọ̀lọ́ọ̀fù sínú kúlà, ó ń kọrin ìjọ wọn lábẹ́lẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọdá odò Elbe, Akínpẹ̀lúmi sì ń rò ó lọ́kàn pé bóyá ọ̀rọ̀ yìí máa yanjú. Maximilian ti wọ ọkọ̀ ojú irin ṣáájú wọn. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, kò lè díje, ṣùgbọ́n ó ní òun fẹ́ wá gbọ́ bí ìbọn ọmọ òun ṣe ń dún. Ó bọ Mojíbọ́lá lọ́wọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín, ó bá a wá ìjókòó sẹ́yìn àwọn tó fẹ́ yìnbọn, ó fún un ní ohun ìbòtí nítorí ariwo ìbọn, ó sì fi hàn án bí wọ́n ṣe ń dé e.

Ìdíje náà ní òfin kan tó mú un yàtọ̀: ọta tí o fi ọwọ́ ara rẹ dì nìkan ni o lè yìn níbẹ̀. Kò sí yíyá, kò sí rírà. Ohun tí wọ́n fẹ́ rí ni bí ọwọ́ rẹ ṣe mọ́ tó, láti orí wíwọn ẹ̀tù dé orí títa àmì.

Wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ó tẹ́ ìbọn sílẹ̀, ó ṣí àpótí ọta. Òórùn lọ́fínńdà ìjọ wọn ni ó kọ́kọ́ gbá a nímú. Gbogbo ìdí ọta ló ń dán, òróró wà nínú kòtò róbótó tó yí fìlà kọ̀ọ̀kan ká, ó sì ti ṣàn gba ara idẹ lọ sísàlẹ̀. Bí ohun kan bá wà tí ẹni tó ń di ọta kì í jẹ́ kó súnmọ́ fìlà, òróró ni, torí tó bá ti ráyè wọlé, ó lè pa iná inú rẹ̀ kú tàbí kó sọ ọ́ di aláìlera. Àwọn wọ̀nyí sì ti sùn mọ́jú nínú rẹ̀.

Ó fa aṣọ ìnuwọ́ kan yọ, ó mú ọta kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún. Kò ronú nípa ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Bàbá Tẹ́ní!" Mojíbọ́lá ti yọ ohun ìbòtí, ó ti dìde. "Kí lẹ ń nù kúrò?"

"Màmá Tẹ́ní, ṣé ìwọ lo ta òróró sí i?"

"Èmi ni. Òróró tí wọ́n gbàdúrà sí. Ẹ wá ń fi àkísà nù ún níwájú mi?"

Àwọn èèyàn ti ń wò wọ́n. Akínpẹ̀lúmi rẹ ohùn sílẹ̀, ó ṣàlàyé fún un ibi tí iná wà, àti ohun tí òróró lè ṣe fún iná. Mojíbọ́lá gbọ́ ọ tán. Ohùn rẹ̀ náà wálẹ̀, ṣùgbọ́n kò rọ̀.

"Ohun tí mo fi bẹ Ọlọ́run pé kó dáàbò bò yín, òun ló wá fẹ́ pa yín? Ṣé ẹ ò gbàgbọ́ mọ́ ni?"

Ọkùnrin kan tó wà ní tábìlì ẹ̀gbẹ́ wọn, tí kò gbọ́ Yorùbá àmọ́ tó ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀, na ọrùn wo inú àpótí. Ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, pé fìlà òde òní lágbára, kí ó nù ún kó sì yìn ín. Akínpẹ̀lúmi wo Maximilian. Bàbá náà kàn dúró dè é.

Akínpẹ̀lúmi kì í ṣe òpùrọ́ sí ara rẹ̀. Ó mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn. Ó ṣeé ṣe kí gbogbo ọta náà dún geerege. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé tí òun bá yìn wọ́n, ìyàwó òun á rí i pé òun gba àdúrà rẹ̀ gbọ́, inú rẹ̀ á dùn, ìbọn á sì di ti òun títí ayé. Tí òun bá kọ̀, òun ti kọ àdúrà rẹ̀ níwájú àwọn òyìnbó, lọ́jọ́ kan ṣoṣo tó gbà láti wá. Ìbọn náà ti lọ nìyẹn. Ó dùn ún wọra. Ó wo ọta tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ṣiyèméjì nípa rẹ̀, kò sì sí ohun mìíràn tó kù láti rò.

Ó dá ọta padà sí àyè rẹ̀, ó pa àpótí dé, ó lọ bá alábòójútó, ó ní òun kò díje mọ́. Alábòójútó béèrè ìdí. Ó ní òróró ti kan ọta òun. Kò dárúkọ ìyàwó rẹ̀. Maximilian gbá a léjìká, ó sì bá a gbé àpótí ìbọn dé ìdí mọ́tò.

Láti Harburg dé Marzahn, ẹnikẹ́ni kò sọ ju "ẹ ṣọ́ra" àti "mo ti rí i" lọ. Jọ̀lọ́ọ̀fù wà nínú kúlà, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Akínpẹ̀lúmi ti pinnu pé lọ́jọ́ Mọ́ńdè lòun máa pe oníṣòwò ìbọn kan tí òun mọ̀. Ó ti ń wo yàrá kékeré rẹ̀ lọ́kàn bí yóò ṣe rí tó bá ṣófo, ó sì ń ṣe é bí ẹni tó fẹ́ kó ẹrù òkú jáde.

Ọta tí òróró ti kàn kò ṣeé fi pamọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó wọ yàrá lọ tú wọn palẹ̀. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ tí ilẹ̀kùn fi kàn. Mojíbọ́lá ni, kò tíì bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì.

"Mo fẹ́ rí i," ó wí.

Ó ní kó wọlé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa wọ inú yàrá náà láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti ń lò ó. Akínpẹ̀lúmi fún un ní àga, ó fi ọta kan sínú nǹkan kan tó dà bí òòlù, ó fi gbá ilẹ̀ títí òjé fi bọ́ lẹ́nu kòròfo, ó sì da ẹ̀tù inú rẹ̀ sórí bébà funfun. Ẹ̀tù náà tú yẹ́yẹ́.

"Ó gbẹ," ó wí. "Ó jọ pé èyí ì bá dún dáadáa."

Ó tú òmíràn. Ìyẹn náà gbẹ, ó sì tún sọ ọ́. Ó tú òmíràn, ó tú òmíràn, gbogbo rẹ̀ gbẹ. Ojú ń tì í. Bí wọ́n bá ń bá a lọ báyìí, á jẹ́ pé ọ̀rọ̀ asán ló fi dójú ti ìyàwó rẹ̀ ní Hamburg. Síbẹ̀ bó ṣe ń tú wọn ló ń sọ ohun tó rí.

Ó wá kan ọ̀kan tí ẹ̀tù rẹ̀ kò dà. Ó gbọn kòròfo náà, kò jáde. Ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ tọ́ ọ, ó sì jábọ́ sórí bébà gìdìgbà, ó dì mọ́ra bíi gàrí tí omi ta sí. Mojíbọ́lá fi ìka kàn án, ó gbé ìka lọ sí imú. Kò sí iyèméjì níbẹ̀, òróró tirẹ̀ ni.

"Èyí ń kọ́?"

"N kò lè sọ pé kò ní dún. Ó lè dún díẹ̀, kí òjé há sínú ọ̀pá. Tí n kò bá fura, tí mo yin èyí tó tẹ̀ lé e..."

"Èmi ni ì bá pa yín."

"Rárá o. Èmi ni mo gbé àpótí kalẹ̀, èmi ni n kò wo inú rẹ̀ kí n tó tì í. Tèmi nìyẹn."

Omi ń bọ́ lójú Mojíbọ́lá. Ó wá sọ bí Olúdàpọ̀ ṣe kú fún un. Ọjọ́ àìsùn ọdún tuntun ni. Àwọn ọmọ àdúgbò ní kí ọkùnrin tó ń ṣọ́ àdúgbò wọn yìnbọn sókè. Ọkùnrin náà ní ìbọn òun kò ṣe dáadáa mọ́, pé òun kò fọkàn tán an. Wọ́n ń pè é ní ojo, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìtìjú mú un, ó yìn ín. Olúdàpọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tí ìbọn náà fọ́.

"Òun náà mọ̀," ó wí. "Ó mọ̀ kó tó yìn ín. Torí àwọn èèyàn ló ṣe yìn ín. Lánàá, ẹ̀yin ò yìn ín, èmi gan-an ni mo sì ń pè yín ní aláìgbàgbọ́."

Akínpẹ̀lúmi gbé bébà ẹ̀tù sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó dì í lọ́wọ́ mú. Láti pálọ̀, wọ́n gbọ́ Tẹ́ní tó ń bi ara rẹ̀ léèrè ní èdè Jámánì ibi tí gbogbo ilé wọlẹ̀ sí.

"Ìgbà wo lòmíràn?" Mojíbọ́lá béèrè.

"Òmíràn wo?"

"Ìdíje yẹn."

Ó rò pé òun kò gbọ́ ọ dáadáa. "Ó di ìgbà ooru."

"N kò ní bá yín lọ o. Ariwo yẹn ti pọ̀ jù fún mi." Ó fa aṣọ ìnuwọ́ sọ́dọ̀, ó nu ìka rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ máa lọ."

Inú Akínpẹ̀lúmi dùn débi pé omi lé ròrò sí i lójú. Ó yíjú sí kọ́bọ́ọ̀dù bí ẹni tó ń wá nǹkan, kí ìyàwó rẹ̀ má baà rí i, ṣùgbọ́n ó kúkú ti rí i.